Kí Ló Dé Tí Nàìjíríà Fi Kúrò ní Bakassi, Tí Ísírẹ́lì Kò Kúrò ní West Bank?

Olùkọ́-fẹ̀yìntì kan láti Ìwó kọ̀wé sí mi báyìí pé: "Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, sà. Ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì àti Palẹsítínì ti fẹ́ tú ilé wa ká. Alàgbà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ní Bíbélì ti parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn. Àbúrò wa tó ti lọ sí Mẹ́kà ní Ọlọ́run kò ní í gba ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ará Gásà. Èmi ò dá sí ti ẹ̀sìn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ilé ẹjọ́ kan ní Hague ló ní kí á gbé Bakassi fún Kamẹrúùnù, a sì gbé e fún wọn. Mo gbọ́ pé ilé ẹjọ́ yẹn náà ló ní kí Ísírẹ́lì kúrò lórí ilẹ̀ àwọn ará Palẹsítínì ní 2024, wọn ò sì kúrò. Ṣé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n ṣe òfin àgbáyé fún ni? Bí kò bá lè mú ẹnikẹ́ni kúrò níbi tó wà, ìwúlò wo ló ní nínú wíwá àlàáfíà?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, mà. Ọlọ́run yóò mú kí àárín àwọn ọmọ ìyá yín gún. Ohun tí mo rí nínú ìwé yín ni ìfura kan tó ti wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn tipẹ́, pé ẹni tí kò lágbára nìkan ni òfin àgbáyé ń dè. Ìbéèrè yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń bi mí jù, ohùn kíkan ni wọ́n sì fi ń béèrè rẹ̀, pàápàá láti 2023. Mi ò ní í sọ fún yín pé ìfura náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní. Ṣùgbọ́n Bakassi kọ́ ni ẹjọ́ tó yẹ kí á fi wé ti Palẹsítínì. Ẹjọ́ Namibia ni, n óò sì dé ibẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ Bakassi nílé kọ́ ló ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Kamẹrúùnù ló pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní oṣù Kẹta, 1994. Ilé ẹjọ́ náà lè gbọ́ ẹjọ́ yẹn nítorí pé Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i láti 1965 pé ilé ẹjọ́ náà láṣẹ lórí òun, Kamẹrúùnù náà sì ti fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò tiwa rojọ́, tiwọn náà rojọ́. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, 2002, àwọn adájọ́ sọ pé Kamẹrúùnù ló ni ín, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ wọn ka orí àdéhùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Jámánì jọ ṣe ní 1913. Ìdájọ́ nìyẹn, ó sì de àwọn méjèèjì. Síbẹ̀, a kò palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìjọba àpapọ̀ kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, ló ń pe Ààrẹ Obasanjo àti Ààrẹ Biya ti Kamẹrúùnù jókòó, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé ní Greentree, nítòsí New York, ní oṣù Kẹfà, 2006, tí Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Jámánì sì jẹ́rìí sí i. Ó di oṣù Kẹjọ, 2008 kí á tó gbé èyí tó kù lélẹ̀ tán. Ọdún bíi mẹ́fà ló wà láàárín ìdájọ́ àti ìgbọràn, ìjíròrò ló sì kún àárín rẹ̀. Àwọn apẹja tí wọ́n tú nílé wọn níbẹ̀ kò tíì bọ́ nínú ìyà rẹ̀.

Ti 2024 kì í ṣe ẹjọ́ láàárín ẹni méjì. Àpéjọ Gbogbogbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló dìbò ní oṣù Kejìlá, 2022 pé kí ilé ẹjọ́ náà gba àwọn nímọ̀ràn: kí ni òfin wí nípa bí Ísírẹ́lì ṣe ń ṣàkóso ilẹ̀ tó gbà lójú ogun 1967, ìyẹn West Bank lẹ́bàá odò Jọ́dánì, ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù àti Gásà? Ní ọjọ́ 19, oṣù Keje, 2024, wọ́n dáhùn. Adájọ́ 11 nínú 15 ní wíwà tí Ísírẹ́lì ṣì wà lórí ilẹ̀ náà lòdì sí òfin, kí ó kúrò ní kíákíá bó bá ṣe lè yá tó. Adájọ́ 14 ní kí ó dáwọ́ kíkọ́ ìletò tuntun, ìyẹn ibùgbé tó ń kọ́ fún àwọn èèyàn tirẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n tún ní kí orílẹ̀-èdè yòókù má ṣe gbà pé ipò náà tọ́, kí wọ́n má sì ṣe ràn án lọ́wọ́ láti máa bá a lọ. Irú èsì báyìí dà bí ọ̀rọ̀ àgbà ìdílé tó mọ ìtàn ilẹ̀: kò ní ọlọ́pàá tí yóò rán jáde, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó lè ní òun kò mọ ibi tí ààlà wà. Ìmọ̀ràn náà fúnra rẹ̀ kò de Ísírẹ́lì bí ìdájọ́ Bakassi ṣe dè wá. Àwọn òfin tó wà nídìí rẹ̀ ló dè é. Àdéhùn Geneva kẹrin ti 1949, tí Ísírẹ́lì fọwọ́ sí, wí ní abala 49 pé ẹni tó bá fi ogun gba ilẹ̀ kò gbọdọ̀ kó àwọn èèyàn tirẹ̀ wá tẹ̀dó síbẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé ilé ẹjọ́ náà kò ní kí Ísírẹ́lì pa rẹ́. Tel Aviv àti Haifa kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. West Bank, ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù àti Gásà ni wọ́n ń sọ, ìyẹn àwọn ilẹ̀ tó kọjá ààlà tí wọ́n fà lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́ ní 1949. Ẹ sì bá mi sọ fún àbúrò yín pé òfin kan náà tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé Gásà ló ka jíjí èèyàn gbé léèwọ̀. Nígbà tí Hamas, ẹgbẹ́ ológun tó ń ṣàkóso Gásà nígbà náà, àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn wọ Ísírẹ́lì ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, 2023, tí wọ́n pa èèyàn bíi 1,200, tí wọ́n sì kó 251 nígbèkùn lọ sí Gásà, ìwà ọ̀daràn ogun ni, bó ti wù kí ìyà tó ti jẹ àwọn ará Palẹsítínì ṣáájú pọ̀ tó. Ogun tó tẹ̀ lé e ti pa èèyàn tó lé ní 60,000 ní Gásà, gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ṣe kà á ní 2025. Ìyà ẹnì kan kò pa ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kejì rẹ́ lójú òfin.

Ibi kan wà tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú pọ̀. Ilé ẹjọ́ méjì ló wà ní Hague. Èyí tó dá ẹjọ́ Bakassi, orílẹ̀-èdè ló ń dá lẹ́jọ́. Ibẹ̀ náà ni South Africa pe Ísírẹ́lì sí ní oṣù Kejìlá, 2023 pé ó ń ṣe ìpẹ̀yàrun ní Gásà. Ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí Ísírẹ́lì jẹ́ kí oúnjẹ àti oògùn wọlé, kí ó sì dènà ohun tó lè di ìpẹ̀yàrun, ṣùgbọ́n kò tíì dá ẹjọ́ náà. Ẹni tó bá ní wọ́n ti dá Ísírẹ́lì lẹ́bi níbẹ̀ ń sọ àsọdùn, ẹni tó bá ní wọ́n ti dá a láre náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ICC, ilé ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé, tó ń dá èèyàn lẹ́jọ́. Òun ló fi ìwé àṣẹ síta ní oṣù Kọkànlá, 2024 pé kí wọ́n mú Benjamin Netanyahu tó jẹ́ olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, Yoav Gallant tó ti jẹ́ mínísítà ààbò rẹ̀ rí, àti Mohammed Deif tó jẹ́ ọ̀gágun Hamas. Deif ti kú, ẹjọ́ rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ibi tí ìfura yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù nìyí, mà. Lẹ́yìn tí ICC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé ọmọ Áfíríkà nìkan ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́ níbẹ̀, Amẹ́ríkà kò sì bínú sí ìyẹn. Nígbà tí wọ́n kan Netanyahu, Amẹ́ríkà fìyà jẹ olùpẹ̀jọ́ àgbà ilé ẹjọ́ náà àtàwọn adájọ́ rẹ̀ kan. Hungary, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nígbà náà, gba Netanyahu lálejò ní 2025, kò sì mú un. Ìwà ojúsàájú ni, kò sì yẹ kí amòfin kankan máa bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ni Ísírẹ́lì ń wí fún ara rẹ̀? Ó ní kò sí orílẹ̀-èdè tó ni West Bank lọ́nà ẹ̀tọ́ kí òun tó gbà á, torí pé díẹ̀ ló gbà pé ó tọ́ nígbà tí Jọ́dánì sọ ọ́ di tirẹ̀ ní 1950. Ó ní ilẹ̀ bàbá àwọn Júù ni. Ó ní òun ti kúrò ní Gásà ní 2005, rọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi san án fún òun. Adájọ́ Julia Sebutinde, ọmọ Uganda, ta ko àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2024; lójú tirẹ̀, kò yẹ kí wọ́n dáhùn ìbéèrè náà rárá, ìjíròrò ló yẹ kó yanjú rẹ̀. Mi ò fojú yẹpẹrẹ wo ọ̀rọ̀ ààbò yẹn. Àwọn tó ń gbé ní Sderot, ìlú Ísírẹ́lì kan lẹ́bàá Gásà, tí wọ́n ń sá wọ abẹ́ ilé nígbà gbogbo tí fèrè bá dún, èèyàn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣàlàyé àwọn ìletò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn ìletò wọ̀nyí, nítorí ibẹ̀ ni òfin àti àlàáfíà ti pínyà. Ní oṣù Kẹsàn-án, 1967, nígbà tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ìjọba Ísírẹ́lì bi agbẹjọ́rò àgbà iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tirẹ̀, Theodor Meron, bóyá àwọn lè kó ará ìlú lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí àwọn gbà. Júù ni Meron, àgọ́ ìjìyà àwọn Násì ló sì ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Ó kọ èsì padà pé ó lòdì sí Àdéhùn Geneva. Wọ́n kà á, wọ́n sì kọ́ ìletò. Ní 1979, àwọn àgbẹ̀ abúlé Rujeib lẹ́bàá Nablus ní West Bank gbé ọ̀rọ̀ ìletò Elon Moreh lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ísírẹ́lì. Ìjọba ní nítorí ààbò ni àwọn ṣe gba ilẹ̀ náà. Haim Bar-Lev, ọ̀gágun àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀wé ìbúra pé ìletò náà kò wúlò fún ààbò kankan. Àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀ fúnra wọn ní kì í ṣe ti ààbò, ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́run fún àwọn ni. Àwọn adájọ́ ní kí wọ́n dá ilẹ̀ padà fún àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì dá a padà.

Bóyá ẹ rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n kó Elon Moreh lọ sórí òkè mìíràn nítòsí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá òfin ilẹ̀ tí àwọn Ọ́tómánì, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ láyé àtijọ́, ṣe ní 1858 jáde, èyí tó jẹ́ kí ilẹ̀ tí wọn kò dáko sí lè di ti ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé ilẹ̀ ìjọba nìyí, ilẹ̀ ìjọba nìyẹn, kí wọ́n tó pín in fún àwọn atẹ̀dó. Mo máa ń fi ìtàn yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nítorí pé ó fi agbára òfin hàn, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń yà á sílẹ̀ gba ẹ̀yìn hàn. Òfin mú kí àwọn àgbẹ̀ kan gba oko wọn padà. Kò dá ètò náà dúró.

Nígbà tí Yitzhak Rabin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, àti Yasser Arafat, olórí ẹgbẹ́ PLO tó ń jà fún àwọn ará Palẹsítínì, bọ ara wọn lọ́wọ́ ní Washington ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹsàn-án, 1993, àwọn atẹ̀dó ní West Bank, yàtọ̀ sí ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù, jẹ́ bíi 110,000. Àdéhùn Oslo ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n tọwọ́ bọ̀. Mo ka àdéhùn yẹn nígbà náà, inú mi sì dùn bíi ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Arafat kọ̀wé pé òun gbà pé Ísírẹ́lì ní ẹ̀tọ́ láti wà ní àlàáfíà. Ohun tí Rabin kọ padà ni pé òun gbà pé ẹgbẹ́ PLO ló ń ṣojú àwọn ará Palẹsítínì. Kò ní wọn yóò ní orílẹ̀-èdè. Wọ́n sì sún àwọn ọ̀rọ̀ tó le jù síwájú: Jerúsálẹ́mù, àwọn ogúnléndé, àwọn ìletò, ààlà. Wọ́n ní láàárín ọdún márùn-ún, àwọn yóò yanjú wọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú àdéhùn náà tó ní kí wọ́n dáwọ́ kíkọ́ ìletò dúró. Kò sí adájọ́ kankan tí wọ́n lè bá lọ bí ẹnì kan bá yẹ̀ ẹ́.

Àwọn tí kò fẹ́ àlàáfíà kò jáfara. Ní oṣù Kejì, 1994, Baruch Goldstein, atẹ̀dó kan, yìnbọn pa àwọn Mùsùlùmí 29 lórí ìrun ní Hebron, ní West Bank. Láti oṣù Kẹrin ọdún náà ni Hamas bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn tó ń fi bọ́ǹbù pa ara wọn àti ẹlòmíràn wọ inú bọ́ọ̀sì ní Ísírẹ́lì. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá, 1995, ọmọ Ísírẹ́lì kan tí kò fẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀ kankan sílẹ̀ yìnbọn pa Rabin. Ìpàdé àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Camp David, ní Amẹ́ríkà, ní 2000 forí ṣánpọ́n. Lónìí, àwọn atẹ̀dó ní West Bank àti ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù lápapọ̀ ti tó 700,000. Lójú tèmi, ohun tó pa Oslo jù ni pé wọ́n fi òfin sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí alágbára àti aláìlágbára jọ dúnàádúrà lórí ilẹ̀ tó ń dín kù bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún ní ìpànìyàn ló pa á. Òótọ́ wà nínú ìyẹn náà.

Ta ló wá lè fipá mú Ísírẹ́lì? Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nìkan ló lágbára bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè márùn-ún sì ní veto níbẹ̀, ìyẹn agbára láti fi ìbò ẹyọ kan pa ìpinnu. Ní oṣù Kẹfà, 2025, 14 nínú 15 dìbò pé kí ogun Gásà dúró. Amẹ́ríkà nìkan ló kọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Àpéjọ Gbogbogbò ti fún Ísírẹ́lì ní oṣù 12 ní oṣù Kẹsàn-án, 2024 láti tẹ̀ lé ìmọ̀ràn ilé ẹjọ́, ìbò 124 sí 14, orílẹ̀-èdè 43 sì ta kété. Oṣù 12 náà pé, kò sí ohun tó yí padà lórí ilẹ̀.

Namibia ni ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn níbí. Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, 1971, ilé ẹjọ́ Hague yìí kan náà gba Ìgbìmọ̀ Ààbò nímọ̀ràn pé wíwà South Africa ní Namibia, orílẹ̀-èdè tó bá a pààlà tó ń ṣàkóso nígbà náà, lòdì sí òfin, kí ó kúrò, kí orílẹ̀-èdè yòókù má sì ṣe bá a ṣe ohun tó lè tì í lẹ́yìn níbẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà kan, Charles Onyeama, wà lára àwọn adájọ́ náà. South Africa ti àwọn aláwọ̀ funfun kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ọdún 19 ló gbà. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìmọ̀ràn yẹn ni ìjọba tó fẹ́ gbé ìgbésẹ̀ ń tọ́ka sí, òun náà ló ń dójú ti àwọn tí kò fẹ́ ṣe nǹkan kan. Ẹ lè rántí owó tí wọ́n ń dá nílé ìwé àti níbi iṣẹ́ ìjọba nílẹ̀ wa nígbà náà fún ìjà àwọn ará gúúsù Áfíríkà. Obasanjo tó tọwọ́ bọ̀wé Bakassi ló gba iléeṣẹ́ epo BP ní 1979 nítorí ìjà yẹn kan náà. Nígbà tí ogun Angola wá ń ná South Africa lówó àti ẹ̀mí jù, wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Kejìlá, 1988, Namibia sì gbòmìnira ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹta, 1990. Ìjíròrò yẹn yàtọ̀ sí Oslo ní ohun kan: gbogbo wọn ti mọ kí wọ́n tó jókòó pé Namibia ló ni Namibia. Bí wọn yóò ṣe kúrò ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Ísírẹ́lì náà ti kúrò lórí ilẹ̀ rí nípa irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá Íjíbítì ṣe àdéhùn ní 1979, ó dá ilẹ̀ Sinai tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán títí di oṣù Kẹrin, 1982, ọmọ ogun Ísírẹ́lì ló sì fọwọ́ ara wọn kó àwọn atẹ̀dó kúrò ní Yamit, tí wọ́n wó ìlú náà palẹ̀. Àdéhùn yẹn ṣì dúró. Ti Gásà ní 2005 kò dúró, torí pé Ísírẹ́lì dá kúrò ni, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn, ó sì di ojú òfúrufú, etí òkun àti ọ̀pọ̀ ẹnubodè mú.

Síbẹ̀, Namibia kò bá Palẹsítínì dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Àwọn ọmọ ogun South Africa ní ilé tí wọn yóò padà sí. Àwọn Júù àti àwọn ará Palẹsítínì yóò ṣì máa gbé ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ́yìn àdéhùn èyíkéyìí. Àwọn ibì kan sì wà tí òfin kò lè dé. Ìpinnu 194 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1948 ní kí àwọn ogúnléndé tó fẹ́ padà sílé padà tàbí kí wọ́n gba owó ìtánràn. Àwọn tó lé ní 700,000 tó sá tàbí tí wọ́n lé kúrò nígbà náà ti di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Òfin lè sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́. Ta ni yóò gbé inú ilé kan ní Jaffa, ní Ísírẹ́lì, tí ìdílé méjì ń pè ní tiwọn? Òfin kò lè yan èyí fún wọn, àwọn ni yóò jọ sọ ọ́. Ẹni tó bá ń ṣèlérí fún yín pé ilé ẹjọ́ nìkan yóò mú àlàáfíà wá, ẹ má gbà á gbọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ètò tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ó jọ Oslo jù. Ogun dúró ní oṣù Kẹwàá, 2025, àwọn tó ṣẹ́kù láàyè nínú àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn padà sílé, mo sì dúpẹ́. Ní oṣù Kọkànlá, Ìgbìmọ̀ Ààbò fọwọ́ sí ètò Ààrẹ Trump fún Gásà, ìbò 13, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ta kété. Ètò náà sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè Palẹsítínì bí ohun tó ṣeé ṣe lọ́jọ́ iwájú bí àwọn nǹkan kan bá kọ́kọ́ bọ́ sípò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe sún àwọn ọ̀rọ̀ tó le jù síwájú ní 1993. Bí wọ́n bá tún gbàgbé ọ̀rọ̀ ìletò ní West Bank níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ojú wà lára Gásà, mi ò rí bí ti ẹ̀ẹ̀kejì yóò ṣe dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ béèrè ìwúlò òfin, mà. Ó kan àwa náà. Nàìjíríà ti gbà láti 1988 pé Palẹsítínì jẹ́ orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, 2014, a jókòó nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò nígbà tí ìwé kan dé iwájú wọn pé kí Ísírẹ́lì kúrò lórí ilẹ̀ náà kí 2017 tó parí. Ìbò mẹ́sàn-án ló nílò, mẹ́jọ ló rí. Nàìjíríà, tí àwọn ará Palẹsítínì ti kà mọ́ ti wọn, ta kété. Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ nílò veto lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n yín lè ní a ṣe dáadáa, àbúrò yín lè ní a kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbò yẹn, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi dì í, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè tàbí tó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn dáadáa. Àwọn méjèèjì lè jọ kọ ìwé kan sí aṣojú yín ní Abuja, láìfi ẹ̀sìn sí i, kí wọ́n béèrè ibi tí Nàìjíríà yóò dìbò sí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá tún dé, àti ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi kí n bá wọn yẹ abala òfin inú rẹ̀ wò.